Ẹ̀rọ Tí Ń Mú Omi Ìwẹ̀ Gbóná: Àrùn Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Ọ̀pẹ tí ó sì wọ oṣù Ṣẹ́rẹ́, omi àárọ̀ a máa ta ènìyàn lára bí abẹ́rẹ́, àní ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ pàápàá, tí ó súnmọ́ etí òkun, níbi tí ọyẹ́ kì í ti í pẹ́. Ní ìgbà àwọn baba ńlá, ìkòkò orí ààrò ni a fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná fún ìyá ọlọ́mọ tuntun, fún arúgbó, àti fún ẹni tí ibà ń ṣe. Lónìí, ní Òkìtìpupa, ní Igbótako, ní Ilútitun àti ní Òde-Ayé, ilé kò ṣọ̀wọ́n mọ́ tí a ti lè rí àpótí kékeré kan lára ògiri ilé ìwẹ̀, tí ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná bí ó ti ń ṣàn jáde. Àwọn kan ń pè é ní ṣáwà, àwọn mìíràn ń pè é ní híítà. Ẹ̀rọ náà wúlò gidigidi; ṣùgbọ́n omi àti iná ni ó kó pọ̀ sí ojú kan, ẹni tí ó sì dúró lábẹ́ rẹ̀ wà ní ìhòòhò, ara rẹ̀ tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú omi. Nítorí náà ó yẹ kí onílé mọ àrùn rẹ̀ ju ti ohun èlò mìíràn gbogbo lọ.

Ohun ìyanu kan wà nínú ọ̀rọ̀ iná ní agbègbè yìí. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa gan-an ni ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń pèsè iná ní Ọmọtọ́ṣọ̀ọ́ wà. Ní 2007 ni a ṣí apá rẹ̀ kìíní, tí a kọ́ láti mú mẹ́gáwáàtì 335 jáde. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé ní gúúsù Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà nínú òkùnkùn fún ohun tí ó lé ní ọdún 10, tí wọ́n ń wo òpó iná bí ẹni ń wo igi gbígbẹ. Ní 2024 ni àjọ NDDC ṣí ibùdó ìpín-iná kan ní Òde-Erínjẹ, tí ń sọ iná kilofóòtì 132 di 33, kí iná lè padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀.

Ìpadàbọ̀ iná ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìwẹ̀ di ohun tí ó yẹ láti sọ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Ẹ̀rọ tí ó ti wà lára ògiri fún ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láìṣiṣẹ́ kò dàbí èyí tí a pa lánàá. Eku ti lè jẹ èèpo wáyà rẹ̀ ní òkè àjà. Eèrà àti alángbá a máa wọ inú àpótí rẹ̀ gbé. Ìpẹtà a máa jẹ ojú irin tí a so wáyà mọ́. Rọ́bà tí ń dá omi dúró a gbẹ, a sì là. Ẹni tí ó bá tan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí iná dé, tí ó sì bọ́ aṣọ wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀mí ara rẹ̀ ni ó fi ń dán an wò. Kí a kọ́kọ́ tú u wò, kí a sì jẹ́ kí omi ṣàn gba inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ láìtan iná, kí a tó tún sọ ọ́ di ohun ìlò.

Bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti mọ̀. Nínú rẹ̀ ni wáyà kan wà tí a ká, tí a sì fi sínú páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́límẹ́ǹtì. Wáyà náà kì í jẹ́ kí iná kọjá pẹ̀lú ìrọ̀rùn, bí iná sì ti ń fi ipá là á kọjá ni ó ń gbóná, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ méjì ti í gbóná bí a bá ń fi wọ́n ra ara wọn. James Joule, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí baba rẹ̀ jẹ́ apọntí, ni ó kọ òfin ooru yìí jáde ní 1841. Kí wáyà náà má bàa jóná nígbà tí omi kò sí, a fi súìsì kan sínú ẹ̀rọ, èyí tí omi fúnra rẹ̀ ń tì: bí omi bá ń ṣàn pẹ̀lú agbára, súìsì a gbà, iná a wọlé, bí omi bá rọ̀, iná kò ní wọlé rárá. Ohun kan tún wà tí ń ṣọ́ ooru, tí ń gé iná bí omi bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ. Ìkẹta nínú àwọn olùṣọ́ náà ni wáyà ilẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú iná tí ó bá ṣìnà sára irin tàbí sínú omi lọ sínú ilẹ̀, kí ó má bàa gba ara ènìyàn lọ síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí láti tún un ṣe, kí ó pa bírékà rẹ̀ níbi pátákó iná. Súìsì ara ògiri nìkan kò tó, nítorí ní ọ̀pọ̀ ilé, oníṣẹ́ tí kò mòye ti so súìsì mọ́ wáyà tí iná ń gbà padà dípò èyí tí iná ń gbà wọlé. Nígbà náà, bí súìsì tilẹ̀ ti kú, iná ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Kí ó pa jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó gbàgbé pé ínfátà kò mọ̀ pé “NEPA ti mú iná lọ”. (Orúkọ NEPA yìí kò kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni ilé-iṣẹ́ náà ti fi í sílẹ̀.) Lẹ́yìn náà kí ó mú tẹ́sítà, kí ó kọ́kọ́ dán an wò níbi tí iná dájú pé ó wà, kí ó tó fi kan wáyà ẹ̀rọ. Tẹ́sítà tí ó ti bàjẹ́ kò ní tàn níbikíbi, ẹni tí kò bá sì dán an wò yóò gbà pé iná ti kúrò.

Kí a má sì gbẹ́kẹ̀lé àwọ̀ wáyà nìkan. Nínú ilé àtijọ́, pupa ni wáyà tí iná ń gbà wọlé, dúdú ni èyí tí ó ń gbà padà, àwọ̀ ewé sì ni ti ilẹ̀. Nínú wáyà ti ìsinsìnyí, èyí tí ó dàbí àwọ̀ kòkó ni ti ìwọlé, aláwọ̀ aró ni ti ìpadà, àwọ̀ ewé tí ó ní ìlà ìyeyè ni ti ilẹ̀. Ilé tí a fi kún lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta a máa ní oríṣi méjèèjì, oníṣẹ́ tí wáyà tán mọ́ lọ́wọ́ sì ti lè lo èyíkéyìí tí ó rí.

Àrùn kìíní ni pé omi ń ṣàn, ṣùgbọ́n kò gbóná rárá. Kí onílé wo bírékà àti mítà iná. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí a ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ láti ìlú kejì, tí ó sì jẹ́ pé owó orí mítà ni ó tán. Bí ìwọ̀nyí bá dára, kí ó wo agbára omi. Táńkì tí ó ga ju ẹ̀rọ lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 kò lè ti omi ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìwọ̀n bar kan lọ, ẹ̀rọ púpọ̀ sì wà tí súìsì omi wọn ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ìwé kékeré tí ó bá ẹ̀rọ wá ni a ti ń rí iye tí ó fẹ́. Kí ó gba omi sínú ike lítà kan, kí ó sì wo aago. Bí ike náà bá pẹ́ púpọ̀ ju ìṣẹ́jú-àáyá 20 lọ kí ó tó kún, omi kò tó lítà 3 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ṣeé ṣe kí ibẹ̀ ni àrùn náà wà. Nígbà mìíràn kì í ṣe táńkì ni ó fà á. Asẹ́ kékeré kan wà ní ẹnu ibi tí omi ń gbà wọ inú ẹ̀rọ. Iyanrìn àti ìpẹtà láti inú kànga a máa dí i. Kí a pa omi, kí a yọ asẹ́ náà, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tí ó ti gbó fọ̀ ọ́. Orí ṣáwà náà ńkọ́? Bí ihò rẹ̀ bá ti dí pẹ̀lú èérí funfun bí ẹfun, kí a rì í sínú fínígà tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ di ọjọ́ kejì, kí a sì fi abẹ́rẹ́ la ihò kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè ṣe ni èyí, kò sì ná ènìyàn ní nǹkan kan.

Bí omi bá lágbára tí bírékà sì dára, ó kù kí a fura sí ẹ́límẹ́ǹtì. Oníṣẹ́ tí ó ní mítà ìwọn-iná yóò pa iná, yóò yọ wáyà ẹ́límẹ́ǹtì, yóò sì wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ tí ó jẹ́ wáàtì 3,500 ní fóòtì 240 yóò fi nǹkan bí óòmù 16 àbọ̀ hàn. Bí mítà kò bá sọ nǹkan kan, ẹ́límẹ́ǹtì ti já; kò sí ẹni tí ó lè so ó, tuntun ni a ń rà.

Àrùn kejì ni èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ní ìgbèríko: omi lọ́ wọ́ọ́wọ́ nìkan, kò sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onílé a máa bú ẹ̀rọ, a máa bú ẹni tí ó tà á, nígbà tí ó jẹ́ pé iná ni ó rọ̀. Kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ kí ó lè yé olúkúlùkù. Ẹ̀rọ wáàtì 3,500, bí omi lítà 3 bá ń gba inú rẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú kan, yóò fi nǹkan bí ìwọ̀n ooru 17 kún omi náà. Bí omi táńkì bá wà ní ìwọ̀n 26, yóò jáde ní 43, èyí tí ó dára fún ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóòtì bá rọ̀ láti 240 sí 160, agbára ẹ̀rọ kì í rọ̀ ní ìdá mẹ́ta péré. Bí iná bá rọ̀ dé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ooru a rọ̀ dé ìdá mẹ́rin nínú mẹ́sàn-án, nítorí bí a ti sọ iye kan di púpọ̀ nípa ara rẹ̀ ni ó ń ṣe. Wáàtì 3,500 yóò di nǹkan bí 1,550, omi kò sì ní kọjá ìwọ̀n 33 tàbí 34. Ara ènìyàn gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà yóò dàbí omi tútù fún un. Ẹ̀rọ kò ṣàìsàn rárá. Kí onílé dín omi kù díẹ̀ bí súìsì omi bá gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kí ó wẹ̀ ní òru tàbí ní ìdájí nígbà tí àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó ń lo iná ní àdúgbò. Kí ó má ṣe fi ẹ́límẹ́ǹtì tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i, nítorí ní ọjọ́ tí iná bá padà sí 240, wáyà inú ògiri ni yóò jìyà rẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ń lò, èyí tí kò tó wáàtì 1,000, kò lè gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá so ó mọ́ ọn yóò ba méjèèjì jẹ́.

Ìgbà mìíràn sì wà tí omi a gbóná gan-an, a tún tutù lójijì, a tún gbóná. Ẹni tí ń ṣọ́ ooru ni ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ yẹn. Omi tí ń kọjá kéré jù, ó sì ń gbóná ré kọjá, nítorí náà a ń gé iná. Kí a fọ orí ṣáwà àti asẹ́ gẹ́gẹ́ bí a ti wí lókè. Àwọn oníṣẹ́ kan wà tí wọn yóò fi wáyà fo olùṣọ́ náà kọjá, tí wọn yóò sì gba owó pé àwọn ti tún un ṣe. Ìwà búburú ni. Omi tí ó bá gbóná dé ìwọ̀n 60 lè bó àgbàlagbà ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 5, awọ ọmọ ọwọ́ sì fẹ́lẹ́ ju ti àgbà lọ púpọ̀.

Bí bírékà bá ń já, kí a ṣàkíyèsí ìgbà tí ó ń já. Bí ó bá já lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a tan ẹ̀rọ, ó ṣeé ṣe kí páìpù irin ẹ́límẹ́ǹtì ti là, kí omi sì ti wọ inú rẹ̀, tàbí kí wáyà méjì ti kan ara wọn. Bí ó bá pẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó já, ẹ fi ọwọ́ ẹ̀yìn kan ara ògiri àti ideri bírékà: bí ó bá gbóná, tàbí bí òórùn ike jíjó bá wà, ojú ibi tí a so wáyà ti tú, tàbí wáyà náà tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ẹ̀rọ wáàtì 3,500 ń fa iná tí ó tó áńpíà 14 àbọ̀. Nítorí náà kò yẹ kí a fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì áńpíà 13 bí àyọ́nù. Wáyà tirẹ̀ nìkan, tí kò kéré ju 2.5 lọ, ni ó yẹ kí ó ti pátákó iná wá, pẹ̀lú bírékà áńpíà 20. Àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ó tó wáàtì 7,000 ń fẹ́ wáyà 6 tàbí 10. Wáyà 1.5 tí a fi ń tan gílóòbù kò yẹ fún èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí ó bá rí i pé bírékà kékeré ń já, tí ó sì lọ ra èyí tí ó tóbi jù láti fi rọ́pò rẹ̀, ohun tí àwọn àgbà kìlọ̀ fún ni ó ṣe: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àrùn tí ó burú jù ni ó kù. Ẹni tí ń wẹ̀ fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ omi, ó sì gbọ̀n ọ́n díẹ̀. Ọ̀pọ̀ a rẹ́rìn-ín, wọn a ní “iná kékeré ni”, wọn a sì máa wọ bàtà rọ́bà wẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Kò sí ohun tí a ń pè ní iná kékeré nínú ilé ìwẹ̀. Ara tí omi ti rin kì í dí iná lọ́nà. Bí ìdènà rẹ̀ bá rọ̀ dé óòmù 1,000, fóòtì 240 yóò ti nǹkan bí mílíáńpíà 240 gba inú rẹ̀ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni 30 péré tó láti da ọkàn rú bí ó bá pẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí àmì yìí, kí ó jáde, kí ó pa bírékà, kí ẹnikẹ́ni má sì lò ó mọ́ títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Ohun méjì ni ó ti ṣẹlẹ̀ pọ̀: ẹ́límẹ́ǹtì ti ń jò iná sínú omi, wáyà ilẹ̀ kò sì sí, tàbí ó ti já. Ní ọ̀pọ̀ ilé, wáyà aláwọ̀ ewé wà lára ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dé ibì kan. A gé e sínú ògiri, nítorí kò sí irin tí a gbìn sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Àwọn mìíràn mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ nítorí pé ó ń mú bírékà já. Bí ẹni tí ó pa ajá rẹ̀ nítorí pé ó gbó olè ni wọ́n rí.

Oríṣi bírékà kan wà tí ń ka iná tí ó wọlé àti iná tí ó padà, tí ó sì ń já kí ìṣẹ́jú-àáyá kan tó pé bí ìyàtọ̀ mílíáńpíà 30 bá wà láàárín wọn. RCD ni orúkọ rẹ̀. Ilé tí ó bá ní ẹ̀rọ ìwẹ̀ oníná tí kò ní èyí kò pé. Bọ́tìnì kékeré kan wà lójú rẹ̀ tí a kọ T sí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọ̀ọ̀kan, kí onílé tẹ̀ ẹ́, bí kò bá sì já, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a kíyèsí i pé lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a kò so mọ́ ilẹ̀, ó lè má ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Ní ti ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ wáyà, kí onílé béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Àjọ NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ni ó ń yẹ irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wò. Fífọ asẹ́, pípààrọ̀ rọ́bà àti okùn ṣáwà jẹ́ ti onílé. Wáyà kì í ṣe tirẹ̀.

Bí iná bá gbé ẹnìkan nínú ilé ìwẹ̀, kí ẹni tí ó dé bá a má ṣe dì í mú. Kí ó sáré lọ pa iná. Bí kò bá lè rí ibi tí a ti ń pa á, kí ó dúró lórí ohun gbígbẹ, kí ó fi igi gbígbẹ tì í kúrò. Bí ẹni náà kò bá mí, kí a tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ líle, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ kíkankíkan, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan, láìdúró, nígbà tí ẹlòmíràn ń pe 112 tàbí ń wá ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Bí ó bá tilẹ̀ jí fúnra rẹ̀, kí a ṣì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ìdàrúdàpọ̀ ọkàn lè padà.

Bí ó bá sì jẹ́ omi gbígbóná ni ó bó ọmọdé, kí a da omi tútù tí ń ṣàn sí ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 gbáko, kí a bọ́ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ara, kí a sì fi aṣọ mímọ́ bo ibẹ̀ láìdì í le, kí a tó gbé e lọ. Epo pupa pọ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, òun sì ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìyá ń kọ́kọ́ lọ sí. Ṣùgbọ́n kí a má fi epo, ẹyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí ojú iná, nítorí wọ́n ń pa ooru mọ́ inú awọ, dókítà yóò sì tún ní láti fọ̀ wọ́n kúrò pẹ̀lú ìrora kí ó tó lè rí ọgbẹ́ náà.